Fọ́tò Tí Wọ́n Hú Jáde Nínú Ẹrẹ̀: Iṣẹ́ Kámẹ́rà Lẹ́yìn Sùnámì Ilẹ̀ Japan

Fọ́tò tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ lẹ́yìn àjálù yàtọ̀ sí fọ́tò ìròyìn lásán. Fọ́tò ìròyìn ń sọ fún aráyé pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bí ìròyìn mìíràn bá ti dé, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Fọ́tò àkọsílẹ̀ ń ronú nípa ẹni tó máa wò ó lẹ́yìn ogún ọdún tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibo ni omi dé? Ta ló ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ni wọ́n pàdánù, báwo ni wọ́n sì ṣe tún ìgbé ayé wọn tò? Akọ̀ròyìn lè yà á, onímọ̀ ilẹ̀ lè yà á, ará àdúgbò tó mú fóònù jáde lápò náà lè yà á. Ohun tó ń sọ ọ́ di àkọsílẹ̀ ni pé a mọ ibi tí wọ́n ti yà á, a mọ ọjọ́ rẹ̀, a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni títẹ kámẹ́rà; iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, òun gan-an ló sì ṣòro.

Díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ́ tó Japan, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sinmi. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 1891, ìmìtìtì ilẹ̀ kan wáyé ní agbègbè Nobi, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 7,000. John Milne, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Tokyo, àti William Burton, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi fọ́tò ṣe ìwé ńlá kan lórí rẹ̀. Ogawa Kazumasa, ọ̀gá nínú iṣẹ́ títẹ fọ́tò nígbà náà, ló bá wọn tẹ àwọn àwòrán inú rẹ̀. Afárá rélùwéè tó wó sínú odò Nagara wà níbẹ̀, àwọn abúlé tó di òkìtì pákó àti amọ̀ náà wà níbẹ̀.

Fọ́tò mìíràn tí onímọ̀ ilẹ̀ kan, Koto Bunjiro, tẹ̀ jáde ní 1893 tún ṣe ju ìyẹn lọ. Ó fi abúlé Midori hàn, ní àfonífojì Neo, níbi tí ilẹ̀ ti là sí méjì tí apá kan sì fi nǹkan bíi mítà mẹ́fà ga ju apá kejì lọ. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìmìtìtì ló ń mú kí ilẹ̀ là. Koto ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ilẹ̀ tó là tó sì yẹ̀ nísàlẹ̀ ló fa ìmìtìtì. Fọ́tò náà wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé Midori sì fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rí. Yorùbá máa ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Láti ìgbà Koto ni fọ́tò ti ń dín àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kù fún àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò àjálù ní ojú kejì. Nígbà tí ìmìtìtì àti iná run Tokyo àti Yokohama ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, 1923, tí èèyàn tó lé ní 100,000 sì kú, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ń ta fọ́tò ìlú tó jóná lójú pópó, tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì tí èèyàn lè fi ránṣẹ́. Ìjọba fòfin de àwọn tó ń fi òkú hàn, síbẹ̀ wọ́n ń tà wọ́n lábẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tó jẹyọ nígbà náà kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: ta ló ni ìbànújẹ́ tó wà nínú fọ́tò, ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pa owó?

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ilẹ̀ abẹ́ òkun mì ní ìlà-oòrùn agbègbè Tohoku. Agbára rẹ̀ tó 9.0, kò sì sí èyí tó tó o rí nínú gbogbo ìmìtìtì tí wọ́n ti wọ̀n ní Japan. Kò pé wákàtí kan tí òkun fi ya wọ ọ̀pọ̀ ìlú etíkun. Ní àwọn ibì kan ní Iwate, omi gun òkè tó nǹkan bíi ogójì mítà. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Sendai, ó rìn wọ inú ilẹ̀ tó kìlómítà márùn-ún. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní 18,000.

Hẹlikọ́pítà NHK, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, ń fò lókè Natori nígbà tí omi dúdú ń gbá oko, ilé àti ọkọ̀ lọ, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń wò ó lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ya fọ́tò láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì wọn. Àwọn tó ti sá gun òkè dúró, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n gbé fóònù sókè. Ẹni tó bá wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ lè sọ pé kò yẹ kí èèyàn máa ya nǹkan nígbà tí ẹlòmíràn ń bómi lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tí Hermann Fritz ṣáájú wọn lọ sí Kesennuma lẹ́yìn náà. Wọ́n wá ibi tí àwọn tó ya fídíò dúró sí gan-an, wọ́n fi ẹ̀rọ lésà wọn àwọn ilé àti òkè tó hàn nínú fídíò, wọ́n sì fi ìyẹn ṣírò bí omi ṣe ga tó àti bó ṣe sáré tó. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú èbúté Kesennuma, omi náà sáré dé mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń sá àsálà fún ẹ̀mí wọn ló gba ẹ̀rí náà sílẹ̀.

Fọ́tò kì í dá sọ̀rọ̀. Àlàyé tí wọ́n bá kọ sábẹ́ rẹ̀ ló ń darí ojú ẹni tó ń wò ó, ibẹ̀ sì ni ìwà ìrẹ́jẹ ti máa ń wọlé láìsí ariwo. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ọdún 2005, lẹ́yìn tí ìjì Katrina ti fa omíyalé tó bo New Orleans ní Amẹ́ríkà, fọ́tò méjì jáde lọ́jọ́ kan náà. Nínú ti ilé iṣẹ́ AP, ọ̀dọ́kùnrin adúláwọ̀ kan ń wọ́ nínú omi tó mù ún dé àyà, ó gbé ẹrù oúnjẹ dání. Àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní ó ti piyẹ́ ilé ìtajà kan. Nínú ti AFP, òyìnbó méjì wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti ohun mímu. Àlàyé abẹ́ tiwọn ní wọ́n rí nǹkan wọ̀nyẹn ní ilé ìtajà. Onífọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ohun tí ojú òun rí lòun kọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ hàn gbangba: ebi kan náà, omi kan náà, orúkọ olè fún ẹnì kan, orúkọ aláìní fún ẹnì kejì.

Irọ́ pátápátá náà sì wà. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kumamoto, ní gúúsù Japan, ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ẹnì kan gbé fọ́tò kìnnìún kan tó dúró sí títì lálẹ́ sórí Twitter, ó ní ó ti já kúrò ní ọgbà ẹranko ìlú náà. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú Kumamoto. Àwọn èèyàn tí wọ́n sùn síta nítorí ìbẹ̀rù ìmìtìtì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹranko, wọ́n ń pe ọgbà náà lórí fóònù láìdáwọ́ dúró. Ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe é lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ òkú ló nira jù lọ. Ní 2011, àwọn ìwé ìròyìn ńlá Japan kò tẹ fọ́tò òkú jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onífọ́tò wọn ń rí òkú lójoojúmọ́. Èyí tó rin ayé já nínú iṣẹ́ wọn ni ti obìnrin kan ní Ishinomaki, tí Tadashi Okubo ti ìwé ìròyìn Yomiuri yà. Obìnrin náà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká, ó dúró láàárín àwókù ilé, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Yasuyoshi Chiba, tó ń ṣiṣẹ́ fún AFP, ya ìyá mìíràn tó rí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ láàárín pàǹtírí tó sì gbé e sókè tẹ̀rín tẹ̀rín. Àwọn àwòrán rẹ̀ láti Tohoku gba ẹ̀bùn World Press Photo ní 2012. Kò sí òkú nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wò wọ́n tí kò mọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe tóbi tó.

Àwọn kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní tí a bá mú òkú kúrò nínú gbogbo àwòrán, a ti fọ àjálù mọ́ jù, àwọn tó jìnnà kò sì ní ṣàánú tó bó ṣe yẹ. Wọ́n máa ń tọ́ka sí Omayra Sánchez, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ẹrẹ̀ há mọ́ inú àwókù ilé wọn ní Armero, ní Colombia, nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Nevado del Ruiz bú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1985. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ kí ó tó kú, nítorí pé kò sí irinṣẹ́ tó tó láti fà á yọ. Frank Fournier ya ojú rẹ̀ ní àwọn wákàtí tó kẹ́yìn, fọ́tò náà sì gba ẹ̀bùn World Press Photo tó ga jù lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn sí i, wọ́n ní kí ló dé tí kò ràn án lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé kò sí ọ̀nà kankan tí òun lè gbà yọ ọ́, àti pé fọ́tò náà jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ìjọba kò múra sílẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀: ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn tó kú lọ́jọ́ yẹn, ojú ọmọ yìí sì ni ayé fi ń rántí wọn. Síbẹ̀ òfin kan kò lè bo gbogbo ọ̀ràn. Ìwọ̀n tó dára jù ni kí onífọ́tò bi ara rẹ̀ bóyá òun lè mú fọ́tò náà padà lọ bá ẹni tó wà nínú rẹ̀, tàbí ẹbí rẹ̀, kí òun sì wò wọ́n lójú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ jù lọ ni àwọn tí kò ti ibòmíràn wá. Naoya Hatakeyama, ọ̀kan nínú àwọn onífọ́tò tí òkìkí wọn kàn jù ní Japan, ni wọ́n bí ní Rikuzentakata ní ọdún 1958. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ló ti máa ń ya ìlú rẹ̀ nígbà tó bá lọ kí ìyá rẹ̀: odò Kesen, afárá, àjọ̀dún, òpópónà tí oòrùn ń ràn sí. Kò ka àwọn wọ̀nyẹn sí iṣẹ́. Tara rẹ̀ ni wọ́n, kò sì fi wọ́n han ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí sùnámì dé, ó gun alùpùpù láti Tokyo lọ sílé. Ilé ìyá rẹ̀ ti lọ, ìyá náà sì ti bá omi lọ. Ìwé tó gbé jáde ní 2012, tó fi orúkọ odò náà pè ní Kesengawa, kó àwọn fọ́tò àtijọ́ yẹn àti àwọn tuntun pọ̀. Òpópónà tí kò jọ nǹkan kan nígbà tó yà á ti di ohun iyebíye lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ tó ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ fọ́tò: ìdajì àkọsílẹ̀ àjálù ni wọ́n ti yà kí àjálù tó dé, ẹni tó sì yà á kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Hatakeyama kò dúró lórí àwókù. Ó ń padà lọ ní gbogbo ìgbà, ó ya bí wọ́n ṣe kó pàǹtírí kúrò, bí koríko ṣe hù, bí katakata ṣe dé, bí òkè erùpẹ̀ tuntun ṣe bo ibi tí ilé wà. Lójú ẹni tó ń wá ohun ìyanu, àwọn àwòrán wọ̀nyí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn ni wọ́n sì ṣe pàtàkì jù, nítorí pé àwọn akọ̀ròyìn ti kó kámẹ́rà wọn lọ nígbà yẹn.

Lieko Shiga gba ọ̀nà mìíràn. Kì í ṣe ọmọ agbègbè náà. Ó kó lọ sí Kitakama, abúlé etíkun kan ní Natori, ní 2008, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ ọ́ di onífọ́tò abúlé. Òun ló ń ya àjọ̀dún wọn àti ìpàdé wọn, ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gba ìtàn ìgbésí ayé wọn sílẹ̀. Sùnámì gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ̀. Shiga kò padà sí ìlú rẹ̀. Ó bá àwọn tó kù gbé nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí omi lé, ó ń ṣa fọ́tò tó fọ́n káàkiri abúlé, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń wá ẹni tó ni wọ́n. Ìpàtẹ ńlá tó ṣe ní Sendai Mediatheque láti ìparí 2012 wọ 2013, tó pè ní Rasen Kaigan, kì í ṣe ti ilé tó wó. Ó ju igba àwòrán lọ, tí òun àti àwọn ará Kitakama jọ gbé kalẹ̀, àwọn kan ṣáájú omi, àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò àkọsílẹ̀ máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tààràtà lè má gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ mìíràn tó fi hàn bẹ́ẹ̀ ohun tí abúlé yẹn jẹ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní Fukushima, ìṣòro mìíràn ló kojú àwọn onífọ́tò. Sùnámì ba ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Fukushima Daiichi tó ń lo agbára núkílíà jẹ́, ìtànṣán olóró sì tú jáde. Ìjọba kó gbogbo èèyàn tó wà láàárín ogún kìlómítà sí ibẹ̀ kúrò. Ilé dúró, igi ń so, ojú ọjọ́ mọ́. Ewu náà kò ṣeé rí. Kazuma Obara ni akọ̀ròyìn onífọ́tò àkọ́kọ́ tó wọ inú ilé iṣẹ́ náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó sì ya àwọn òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn kò jáde níbikíbi. Shimpei Takeda, tí wọ́n bí ní Fukushima, kò tilẹ̀ lo kámẹ́rà. Ó bu erùpẹ̀ tí ìtànṣán ti bà jẹ́ láti ibi mímọ́ àti ibi ìtàn, ó tẹ́ ẹ sórí fíìmù nínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Nígbà tó fọ fíìmù náà, àmì funfun wẹẹrẹ wà lórí òkùnkùn rẹ̀: ìtànṣán inú erùpẹ̀ ti ya ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, olórí ìlú Namie, Tamotsu Baba, pe Google kí wọ́n wá fi kámẹ́rà orí ọkọ̀ wọn ya òpópónà ìlú náà tó ṣófo, kí àwọn ará ìlú tí wọ́n ti fọ́n káàkiri Japan lè rí ilé wọn.

Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó mọ kámẹ́rà lò. Iṣẹ́ tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò ní Tohoku kò sí lọ́wọ́ wọn nìkan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun àti àwọn panápaná ń kó pàǹtírí láti wá òkú, wọ́n ń rí fọ́tò: ti ìgbéyàwó, ti ọmọ tuntun, ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tò ní ìlà, àwọn álíbọ́ọ̀mù tó ti wú tó sì kún fún ẹrẹ̀. Wọn kò gbá wọn lọ pẹ̀lú pákó. Wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ye omi wá ń lọ síbẹ̀ láti tú òkìtì náà wò. Nínú ìsìn Búdà ní Japan, fọ́tò olóògbé ni wọ́n máa ń gbé síwájú níbi ìsìnkú, wọ́n á sì tún gbé e sínú ilé. Ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ àti òkú rẹ̀ lọ kò ní nǹkan kan tí yóò gbé síbẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ti bó ní ẹ̀gbẹ́ tó fún un láti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn.

Omi òkun kì í fi fọ́tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ inú fọ́tò onípépà wà nínú jẹ́látìn, èyí tí wọ́n ń fi awọ àti egungun ẹran ṣe; òun kan náà ló ń mú omi ẹsẹ̀ màlúù dì nígbà tó bá tutù. Bí ó bá ti rin, ó máa ń wú, ó máa ń rọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹran. Ìpele àwọ̀ mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò aláwọ̀: àwọ̀ ìyeyè ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọ̀ àlùkò wà láàárín, àwọ̀ aró ló wà lókè. Láti òkè ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí aró bá ti lọ, fọ́tò á pupa. Bí àlùkò bá tẹ̀ lé e, ìyeyè nìkan ni yóò kù. Lẹ́yìn ìyẹn, pépà funfun. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fọ́tò Tohoku fi ní ojú èèyàn láàárín, tí ẹ̀gbẹ́ gbogbo sì yọ́ di pupa àti ìyeyè, nítorí pé láti etí ni omi ti ń wọlé.

Ìwòsàn rẹ̀ kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá. Sùúrù àti ọwọ́ púpọ̀ ló gbà. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ fọ́tò kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù kí ó tó gbẹ, nítorí pé tí wọ́n bá gbẹ papọ̀ wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn títí láé. Wọ́n á fi omi tútù tó mọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí ìka nu ibi tó ṣì le, wọ́n á yẹra fún ibi tí àwọ̀ ti ń yọ́. Wọ́n á wá sá a sórí okùn. Bí ó bá pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè fọ̀ lọ, wọ́n lè gbé e sínú fírísà, kí kòkòrò má baà lè máa jẹ ẹ́ títí tí àyè yóò fi yọ. Ilé iṣẹ́ Fujifilm fi àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kọ́ àwọn èèyàn káàkiri agbègbè náà. Ricoh ní tiwọn ya fọ́tò tó lé ní 400,000 sínú kọ̀ǹpútà kí àwọn ará ìlú lè máa wá tiwọn láìfọwọ́ kan pépà. Nǹkan bíi 90,000 ló padà sọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n.

Ìlú kékeré kan ní etíkun Miyagi, Yamamoto, jẹ́ àpẹẹrẹ tó gbòòrò jù. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn onífọ́tò tó yọ̀ǹda ara wọn kóra jọ síbẹ̀, wọ́n sì gba fọ́tò tó tó 750,000 là. Munemasa Takahashi, onífọ́tò tó wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà, kì í ya nǹkan tuntun níbẹ̀. Fífọ̀, fífún ní nọ́ńbà àti títún yà sínú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wọn. Nọ́ńbà náà ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ọmọ kan bá dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀ nínú fọ́tò kan, nọ́ńbà yóò darí rẹ̀ sí gbogbo èyí tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù kan náà.

Àwọn kan wà tí ojú èèyàn ti parẹ́ nínú wọn pátápátá. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé tòun ni, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n sun wọ́n. Takahashi kó wọn jọ, ó pè wọ́n ní Lost & Found, ó sì gbé wọn lọ sí ìpàtẹ ní Los Angeles àti New York ní 2012 láti fi kó owó jọ fún ìlú náà. Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti ilẹ̀ dókè, àìmọye fọ́tò kéékèèké tí ojú inú wọn ti di àwọsánmà aláwọ̀. Ó yẹ ká béèrè bóyá ó tọ́ láti fi fọ́tò ẹbí ẹlòmíràn han àjèjì ní òkè òkun. Ohun tí a lè sọ ni pé kò sí ojú tó ṣeé dá mọ̀ nínú wọn, owó náà padà sí Yamamoto, kò sì sí ẹni tó wo ògiri yẹn tí yóò tún ka 18,000 sí nọ́ńbà lásán.

Ó tọ́ kí èèyàn kíyè sí i pé pépà ni gbogbo fọ́tò tí wọ́n gbà là wọ̀nyí. Fóònù àti kọ̀ǹpútà tí omi iyọ̀ ti wọ̀ kò ṣeé sá sórí okùn, ẹni tó bá sì gbé wọn láàárín pàǹtírí kò lè fojú lásán mọ̀ pé fọ́tò wà nínú wọn.

Títọ́jú ló kù. Sendai Mediatheque, ilé ìkàwé àti ìpàtẹ tí ìmìtìtì náà bà jẹ́, tún ṣílẹ̀kùn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ó sì dá ibùdó kan sílẹ̀ níbi tí ará ìlú èyíkéyìí ti lè yá kámẹ́rà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ó sì mú ohun tó yà wá fún ìpamọ́. Google fi ọkọ̀ wọn rin ọ̀nà tó tó kìlómítà 44,000 ní agbègbè náà ní 2011, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ síta pẹ̀lú ti àtẹ̀yìnwá kí èèyàn lè fi wé ara wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Japan ṣí Hinagiku, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn lè gbà wá inú ọ̀pọ̀ ilé àkójọ fọ́tò, fídíò àti ìwé lórí àjálù náà. Ní 2015, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Fine Arts ní Boston kó iṣẹ́ onífọ́tò Japan mẹ́tàdínlógún jọ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Hatakeyama, Shiga àti Takeda wà lára wọn.

Àríyànjiyàn lórí àwókù fi hàn ìdí tí fọ́tò kò fi ṣeé fi rọ́pò. Ní Kesennuma, omi gbé ọkọ̀ ìpẹja ńlá kan tó gùn tó ọgọ́ta mítà, Kyotoku Maru, wọ àárín ìlú, àwọn àlejò sì ń wá láti ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Olórí ìlú fẹ́ kó dúró bí ohun ìrántí. Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ tó ní kí wọ́n gbé e kúrò lójú àwọn; wọ́n tú u palẹ̀ ní 2013. Ní Minamisanriku, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ: férémù irin ilé ìdáàbòbò ìlú, níbi tí èèyàn 43 ti kú, ṣì dúró, ìlú náà sì pinnu ní 2024 láti dá a sí. Ẹni tó ń gbé lójú àwókù lójoojúmọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Fọ́tò tí wọ́n yà dáadáa ń jẹ́ kí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ láìpa ìtàn rẹ́.

Ní Rikuzentakata, ilẹ̀ àtijọ́ fúnra rẹ̀ kò sí mọ́ lójú. Wọ́n gé òkè tó wà lódì kejì odò, wọ́n fi bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó gùn ní kìlómítà mélòó kan gbé erùpẹ̀ rẹ̀ kọjá lókè odò Kesen, wọ́n sì fi gbé àárín ìlú sókè tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, pẹ̀lú ògiri etíkun tó ga ní mítà 12.5. Àwọn òpópónà tí Hatakeyama ń yà nígbà tó bá lọ kí ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ erùpẹ̀ yẹn. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí ìlú tuntun náà, tó bá fẹ́ mọ ibi tí ilé àwọn òbí rẹ̀ àgbà wà àti bí òkun ṣe sún mọ́ ọn tó, inú fọ́tò ni yóò ti wò ó, pàápàá àwọn tí ẹnì kan kọ orúkọ òpópónà àti ọjọ́ sí lẹ́yìn.